Wáyà Tó Wà Lábẹ́ Àga Ọkọ̀ Linley

Ẹ̀yin ará ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ àtijọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti jẹ kéèkì nílé mi, tí ẹ bá mi sin ọkọ mi, mo ní kí ẹ pé jọ sínú gbọ̀ngán ṣọ́ọ̀ṣì yìí nítorí òtítọ́ kan ti fẹ́ bá mi wọ sàréè, n kò sì fẹ́ kó bá mi wọ̀ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má já lu ọ̀rọ̀ mi, nítorí bí mo bá dákẹ́ pẹ́nrẹ́n, ẹ̀rù lè tún mú mi kí n parọ́. Dókítà ti sọ fún mi pé ohun tó ń jẹ mí nínú kò ní jẹ́ kí n tún rí ìgbà tí wọ́n máa ń rẹ́ irun àgùntàn. Èyí kò bà mí nínú jẹ́ púpọ̀. Ohun tó bà mí nínú jẹ́ ni Emrys Pugh tó jókòó sẹ́yìn níbẹ̀ yẹn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, bí ẹni tí kò dá lójú pé wọ́n gbà á láyè láti wọlé. Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé ọkọ̀ Linley ọkọ mi jóná lórí òkè Long Mynd. Gbogbo yín lẹ mọ ẹni tí a ní ó fà á. Ẹ yọ orúkọ Emrys kúrò nínú ẹgbẹ́ nítorí rẹ̀. Ó dáa, kì í ṣe Emrys. Èmi ni, èmi Averil Tordoff tí ẹ máa ń fi àga iwájú sílẹ̀ fún.

Ẹ̀yin àgbà inú yín mọ ọkọ̀ náà. Bàbá Linley ló rà á ṣáájú ogun àgbáyé kejì. Aláwọ̀ ewé ni, iná iwájú rẹ̀ méjèèjì rí roboto bí ojú òwìwí. Òun ló gbé wa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa. Linley kì í jẹ́ kí ohun ìgbàlódé kankan kàn án. Nígbà òtútù, kúbùsù la máa ń fi bo orúnkún nínú rẹ̀, bí mo bá ní kó jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré tó ń mú ara móoru sí i, á ní, "Averil, bó ṣe wá sáyé ni yóò ṣe lọ." Ẹ wá ro bó ṣe rí lára mi nígbà tó di ìgbà ìrúwé kan, tí Linley yìí kan náà pe Emrys tó ń tún iná ọkọ̀ yín ṣe wá sínú ọgbà wa pé kó fi iná tuntun tó mọ́lẹ̀ rekete sí i, kó fi ihò tí wọ́n fi ń gba iná sí fóònù sí i, kó sì fi ẹ̀rọ tó ń júwe ọ̀nà sí i, èyí tí obìnrin kan ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. "Yà sí òsì. Máa lọ tààrà." Ọkùnrin tó ti ń wakọ̀ ní agbègbè Shropshire wa yìí láti kékeré, kí ló fẹ́ fi afọ̀nàhàn ṣe? Ilé ta ni kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ tó fẹ́ mọ̀ báyìí?

Mo gbé tíì jáde fún wọn, mo sì dúró ń gbọ́. Emrys wà lábẹ́ ọkọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló hàn. Ó ní, "Ìyáàfin Averil, ẹ súnmọ́ ibí kí n sọ nǹkan kan fún yín, torí bí ọkùnrin yìí bá gbàgbé, ẹ̀yin ni mo máa bá wí. Ọkọ̀ òde òní, orí nẹ́gátíìfù bátìrì ni wọ́n so mọ́ irin ara rẹ̀. Ọkọ̀ àgbà yìí, orí pọ́sítíìfù ni wọ́n so mọ́ irin. Òdìkejì ni. Torí náà ohun ìgbàlódé tó bá ní èèpo irin kò gbọdọ̀ fara kan ara ọkọ̀ yìí rárá. Bó bá fara kàn án, tí kò sì sí fíùsì tó máa já, wáyà á gbóná, á pọ́n, iná á sọ." Linley rẹ́rìn-ín, ó ní, "Emrys, ṣé ọkọ̀ lò ń tún ṣe ni àbí ò ń wàásù?" Emrys ní, "Ẹ̀gbọ́n, méjèèjì ni. Ẹni tí kò bá gbọ́ ìwàásù mi, á gbọ́ ti panápaná." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Mo wà níbẹ̀, mo gbọ́ ọ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín lẹ́yìn ikú mi pé obìnrin ni, kò mọ nǹkan kan nípa wáyà. Mo mọ̀.

Láti ọ̀sẹ̀ yẹn ni Linley ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá jáde. Bí a bá ti jẹun ọ̀sán tán, á ní òun fẹ́ lọ mú kí ẹ́ńjìnnì gbóná díẹ̀. Á rọra wa ọkọ̀ náà jáde lẹ́nu géètì, díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń yọ́ jalè, ó sì lè tó ìrọ̀lẹ́ kó tó dé. Wọ́n ní ìfura ni oògùn àgbà. Èmi lo oògùn náà lálòjù, ó sì di májèlé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ọkọ̀ wò bó bá ti dé. Mo rí ojú ìpa tuntun nílẹ̀ ọkọ̀ pé wọ́n ti fa àga awakọ̀ súnmọ́ iwájú, kí wọ́n tó tún tì í padà. Linley ga bí òpó. Bó bá jókòó sórí àga náà báyẹn, orúnkún rẹ̀ á kan àgbọ̀n. Mo rí irun gígùn pupa kan lára àga. Mo gbọ́ òórùn kan lára ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, òórùn ọ̀rá bí ti ìpara obìnrin. Èyí tó burú jù ni ojú rẹ̀. Ọkọ mi kò wò mí lójú mọ́. Bí mo bá ń bá a sọ̀rọ̀, á yí orí díẹ̀, á máa wo etí mi tàbí ògiri tó wà lẹ́yìn mi. Mo bi í pé, "Linley, ṣé kò sí nǹkan?" Ó ní, "Kí ló lè wà?" Ó sì tún wo ògiri. Mo wí nínú ara mi pé ojú tó ti rí ọmọge kò lè wo arúgbó mọ́. Kò tiẹ̀ ka ìwé ìròyìn mọ́. Ó ní irọ́ ló kún inú wọn. Mo ní, èwo nínú yín ni òpùrọ́, ìwọ àbí ìwé ìròyìn?

Àbúrò mi Redvers Gough ni mo gbé ọ̀rọ̀ náà tọ̀ lọ. Ó ti kú báyìí, n kò sì sọ èyí láti di ẹrù mi lé òkú lórí. Redvers ń ta àwọn ẹ̀rọ ìṣọ́lé ní ìlú Shrewsbury, kò sì fẹ́ràn Linley rí. Ní òtítọ́, mo fẹ́ kó sọ fún mi pé wèrè ni mo ń ṣe. Dípò bẹ́ẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ọkùnrin tó bá ń nu ọkọ̀ kó tó lọ mú ẹ́ńjìnnì gbóná, ẹ́ńjìnnì kọ́ ló fẹ́ mú gbóná." Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára bí ẹ̀gún. Ó ní òun ní ẹ̀rọ atọpinpin kan, kékeré bí páálí ìṣáná, tí yóò máa fi ibi tí ọkọ̀ bá wà hàn lórí fóònù mi. "Bẹ́ ẹ bá ti mọ ilé obìnrin náà, ẹ kàn máa kan ilẹ̀kùn ni, ẹ ní ẹ wá gba ẹrù yín." Mo ní, "Redvers, bó bá jẹ́ pé kò sí nǹkan kan ńkọ́?" Ó ní, "Nígbà yẹn, ẹ ó sùn dáadáa. Èwo ló burú níbẹ̀?"

Linley rìn lọ gẹrun lọ́jọ́ tí Redvers wá. Àwa méjèèjì ṣí àga ẹ̀yìn ọkọ̀. Bátìrì ọkọ̀ náà, ìdajì agbára bátìrì òde òní ló ní, ẹ̀rọ atọpinpin kò sì lè fi ṣiṣẹ́, nítorí náà Redvers ti mú àpótí irin kékeré kan dání tó máa ń sọ agbára iná di ìlọ́po méjì. Ó so wáyà, kò tàn. Ó ṣépè. Ó yí wáyà padà, ó tàn. Ó wá fẹ́ de àpótí irin náà mọ́ ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Mo sọ ohun tí Emrys sọ fún un. Ó ní, "Emrys! Ará Wales ẹlẹ́nu dídùn yẹn!" Ṣùgbọ́n ó fi téèpù dúdú wé àpótí náà, bí ẹni tó ń di ọgbẹ́ ọmọdé, ó sì há a sáàárín àwọn irin àga. Mo ní, "Fíùsì ńkọ́?" Ó ní òun kò mú un dání, pé fún ìwọ̀nba ọjọ́ tí a máa lò ó, kí la fẹ́ fi fíùsì ṣe? Ẹ̀yin ará, mo lè ní kó yọ gbogbo rẹ̀ kúrò. Ọkàn mi sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ Linley lórí òkúta ẹnu ọ̀nà, mo sì fi ọwọ́ ara mi dá àga padà bò ó.

Bí mo ṣe di ẹni tó ń fi fóònù ṣọ́ ọkọ nìyẹn. Linley á jáde, èmi á jókòó sí kíṣìnì, n ó máa wo àmì pupa kékeré tó ń rìn lórí àwòrán ilẹ̀. Àmì náà á dúró díẹ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, bí ìgbà tó ń gbé ènìyàn, á wá gba ọ̀nà òkè lọ. Kò lọ sílé ẹnikẹ́ni. Á kàn máa yí òkè ká, á dúró níbi tí ènìyàn ti lè rí gbogbo àfonífojì, á tún padà sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó ní làákàyè ìbá bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè. Lójú tèmi, ẹ̀rù kí wọ́n má bàa rí wọn láàárín ìlú ló ń lé wọn lọ sórí òkè. Mo pe Redvers. Mo ní, "Wá gbé mi. Òní ni mo fẹ́ fi ojú mi rí i."

Òòrùn mú lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Redvers ń sáré. Ó ní, "Kí lẹ máa sọ bẹ́ ẹ bá ká wọn mọ́?" Mo ní n kò ní sọ nǹkan kan, irun pupa yẹn ni n ó kọ́kọ́ dì mú. Lójijì, àmì pupa tó wà lórí fóònù mi pòórá. Redvers ní òkè ló dí i lọ́nà. Nígbà tí a yí kọ́nà, a rí èéfín. Ó dúdú, ó ń lọ sókè tààrà, àwọn àgùntàn sì ń sá sọ̀kalẹ̀ lójú ọ̀nà wá pàdé wa. Redvers tẹ bíréèkì. Ojú rẹ̀ ti funfun. Àwa méjèèjì ti mọ̀ kí a tó rí ọkọ̀. Abẹ́ àga ẹ̀yìn, níbi tí a há àpótí irin yẹn sí, ni iná náà ti ń yọ.

Linley jókòó sórí koríko, irun ìpéǹpéjú rẹ̀ ti jó. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọmọbìnrin kúkúrú kan onírun pupa kúnlẹ̀, ó ti ọwọ́ ọ̀tún bọ omi tó ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Carys ni, ọmọ Emrys, ẹni tó ń rẹ́ irun àgùntàn fún gbogbo àgbẹ̀ agbègbè wa. Ilẹ̀kùn há mọ́ Linley nínú iná, Carys sì fi ọwọ́ lásán gbá irin gbígbóná mú títí ó fi ṣí. N kò mọ èyí nígbà náà. Mo fi ìbínú rìn lọ bá wọn, mo dúró síwájú ọkọ mi, n kò jìnnà sí i ju bí mo ṣe jìnnà sí àga iwájú yìí lọ. N kò tíì fọhùn. Mo ń retí pé yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kálòlò. Linley gbójú sókè, ó yí orí díẹ̀ bó ṣe máa ń yí i, ó sì ní, "Màmá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ dúró yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ní fóònù? Ẹ bá wa pe panápaná. Ọwọ́ ọmọ yìí ti jóná. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe ìyàwó mi o. Ẹ̀rù á bà á."

Ẹ̀yin ará, ọkọ mi wò mí, kò mọ̀ mí. Carys ló ké pé, "Bàbá Linley, ìyàwó yín náà nìyẹn!" Ó wá sọ gbogbo rẹ̀ fún mi, eyín rẹ̀ ń gbá pọ̀ fún ìrora. Ó ní àárín ojú Linley ti kú láti ìgbà òtútù, etí ojú nìkan ló fi ń ríran. Ó ti mọ ọ̀nà ilé wa sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì sórí, ibẹ̀ ni Carys ti máa ń gba ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Obìnrin inú ẹ̀rọ yẹn, Linley fẹ́ kó máa pe orúkọ àwọn ọ̀nà sí òun létí, kí òun lè mọ òkè tí òun kò lè rí mọ́. "Wọ́n ní bẹ́ ẹ bá gbọ́, ẹ ó ní kí wọ́n ta ọkọ̀ náà. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan péré ni wọ́n fẹ́ gbádùn sí i, Màmá." Bó ṣe ń sọ ọ́, mo gbọ́ òórùn náà lára aṣọ rẹ̀. Ọ̀rá irun àgùntàn ni.

Bí mo bá jẹ́wọ́ níbẹ̀ yẹn, àṣìṣe ni à bá pè é. Ohun tí mo ṣe lẹ́yìn náà kì í ṣe àṣìṣe. Nígbà tí àwọn panápaná pa iná tán, tí wọ́n kẹ̀yìn sí wa, tí wọ́n ń tọ́jú ọwọ́ Carys, Redvers na ọwọ́ sábẹ́ irin àga, ó fi aṣọ ìnuwọ́ gbé àpótí náà pẹ̀lú ẹ̀rọ atọpinpin tó ti yọ́ mọ́ ọn lára. Ó sọ ọ́ sínú báàgì mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣọ́ ẹnu yín." Ọ̀kan nínú àwọn panápaná wá bi mí bóyá wọ́n fi ohun ìgbàlódé kankan sínú ọkọ̀ náà. Báàgì ṣì ń gbóná lára itan mi. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Emrys Pugh ló fi wọ́n sí i. Mo ti ń gbọ́ tó ń ta pàrà láti ọjọ́ mélòó kan. Mo sọ fún Emrys, ó fi mí rẹ́rìn-ín." Kò ṣòro láti sọ. Ẹ̀rù bà mí bó ṣe rọrùn tó. Carys gbọ́ ọ. Ó gbójú sókè níbi tí wọ́n ti ń di ọwọ́ rẹ̀, ó wò mí, lẹ́yìn náà ó yí ojú sí ìhà àfonífojì tí ilé bàbá rẹ̀ wà. Mo rí i. Mo ti mú kí ọmọ fura sí bàbá tó bí i.

Ẹ mọ ìyókù, torí ẹ̀yin náà lọ́wọ́ sí i. Ẹ yọ Emrys. Àwọn mìíràn nínú yín lọ já gbogbo wáyà tó ti fi ọwọ́ kàn nínú ọkọ̀ wọn. Ìka Carys gan, kò lè di ẹ̀rọ ìrẹ́run mú mọ́, ó lọ ń jókòó ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ìtajà kan ní ìlú Telford. Linley tó fẹ́ràn Emrys bí àbúrò kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n n kò tíì sọ èyí tó burú jù. Nígbà tí ewé ń wọ́, Emrys wá kan ilẹ̀kùn mi. Ó ti rù. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di fìlà mú, ó kọ̀ láti wọlé. Ó ní, "Ìyáàfin Averil, mo ti tún iṣẹ́ yẹn ṣe lọ́kàn mi láìmọye ìgbà, wáyà kan tẹ̀lé èkejì. Mi ò rí ibi tí mo ti ṣì í. Àmọ́ iná kì í dá ara ẹ̀ dá. Ó ní láti jẹ́ pé mo gbàgbé nǹkan kan. Ọmọ mi ò lè sọ ọ́ sí mi lójú, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó ń rò ó. Díẹ̀ ló kù kí n pa ọkọ yín, mo sì ba ọwọ́ ọmọ mi jẹ́. Mo wá tọrọ àforíjì." Omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Àpótí yíyọ́ náà wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù lẹ́yìn mi níbẹ̀. Mo na ọwọ́, mo gbé e lé e léjìká, mo ní, "Emrys, mo ti dárí jì ọ́." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ gbọ́ o, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi! Mo ti ilẹ̀kùn, mo lọ jẹun, oúnjẹ náà sì dùn lẹ́nu mi. Iná orí òkè yẹn kéré sí èyí.

Láti ìgbà náà, gbogbo ènìyàn ni mo ń fura sí. Bí ẹni méjì bá ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, mo ní wọ́n ti mọ̀. Bí Redvers bá pè mí, mo ní ó fẹ́ tà mí. Kí Linley tó kú, ó dùbúlẹ̀, ó yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó lè rí mi, ó ní, "Averil, ọjọ́ tí ọkọ̀ jóná, báwo lo ṣe tètè débẹ̀?" Mo ní èmi àti Redvers kàn ń gbafẹ́ kọjá ni. Ó wò mí pẹ́ pẹ̀lú etí ojú yẹn. Ó ní, "Ó dáa." Kò tún bi mí mọ́, n kò sì mọ̀ títí dòní bóyá ó gbà mí gbọ́ tàbí ó dá mi sí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo ránṣẹ́ pe Emrys àti Carys. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn nínú pálọ̀ mi. Mo rò pé Emrys yóò pariwo. Ó kàn bi mí pé, "Àpótí yẹn, ṣé irin ni èèpo ẹ̀?" Mo ní irin ni. "Kò sí fíùsì?" Mo ní kò sí. Ó fi ọwọ́ bo ojú, ó ń sọ ọ́ ní àsọtúnsọ pé, "Kì í ṣe èmi. Carys, kì í ṣe èmi." Carys fi ọwọ́ tí kò ká dáadáa yẹn dì mọ́ ọn, ó ní, "Mo gbọ́, Dádì. Ẹ má bínú sí mi." Mo ní kí wọ́n dárí ji èmi náà. Carys yíjú sí mi. Ó ní, "Màmá, ẹ kọ́kọ́ gba àforíjì tẹ́ ẹ fún bàbá mi padà. Kẹ́ ẹ gbà á padà níwájú gbogbo àwọn tó lé wọn jáde. Lẹ́yìn ìyẹn la máa mọ ohun tá a máa sọ." Wọ́n jáde. Wọn kò fẹnu kan tíì tí mo gbé fún wọn.

Nítorí náà ni mo ṣe pè yín. Emrys, mo gba àforíjì yẹn padà. O kò ṣẹ̀ mí rí. Iṣẹ́ rẹ pé, wáyà rẹ mọ́, ọwọ́ rẹ sì mọ́. Ẹ̀yin ẹgbẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá orúkọ rẹ̀ padà kí n tó kúrò níbí, kí n fi ojú mi rí i. Carys, n kò lè dá ọwọ́ rẹ padà fún ọ, n kò sì ní fi ẹkún bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó wà níbí, bí ọkàn yín bá ń ṣiyèméjì sí ẹni tí ẹ ń bá gbé, ẹ jókòó tì í, ẹ bi í, kí ẹ sì fi ohùn ìfẹ́ bi í. Èmi náà bi Linley, ṣùgbọ́n ohùn adájọ́ ni mo fi bi í, òun náà sì dá mi lóhùn bí ẹni tó dúró nílé ẹjọ́. Lójoojúmọ́ ló ń yí orí síbí sọ́hùn-ún níwájú mi, tó ń wá ojú mi tí kò rí i, kò sì wá sí mi lọ́kàn kí n bi í pé, olówó orí mi, kí ló ń ṣe ojú rẹ? Ẹ dárí jì mí, bẹ́ ẹ bá lè ṣe é. Bẹ́ ẹ kò bá lè ṣe é fún mi, ẹ ṣe é fún Redvers, torí èmi ni mo ránṣẹ́ pè é. Mo ti sọ ọ́ tán. Emrys, bí ọ̀rọ̀ bá wà lẹ́nu rẹ, máa bọ̀ níwájú níbí kí o sọ ọ́. Èmi ni n ó jókòó sẹ́yìn.